Ìtàn Mọ́tò Àgbà Kan àti Ọ̀nà Gígùn Tí Ó Rìn Lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn ẹlòmíràn ti kọ ìtàn ìjọ wa sí àwọn ojú-ewé mìíràn nínú ìwé yìí; wọ́n ti ka orúkọ àwọn tí ó ṣáájú wa, wọ́n sì ti sọ bí a ti kọ́ ilé ìsìn. Ìtàn tí a fi lé èmi lọ́wọ́ jẹ́ ti ìrìn-àjò. Ó jẹ́ ìtàn mọ́tò kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955, tí ó ti London lọ sí Singapore nígbà tí ó wà ní tuntun, tí ó sì gbó sí erékùṣù kan ní àárín òkun, tí a sì tún mú padà wá láti rin ìrìn náà láti òpin rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ti pé ọdún 64. Ní àkókò tí àwa fúnra wa ń ka ọdún, kò burú bí a bá wo ohun tí ọdún ń ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, àti sí ènìyàn tí ó ń lò ó.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú mọ́tò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba sì ń fi ìwọ̀n pín in fún àwọn oníṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Maurice Wilks, ẹni tí í ṣe olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Rover, ní oko kan ní erékùṣù Anglesey, ó sì ń fi Jeep kan tí ó ti ṣẹ́kù láti ìgbà ogun ṣe iṣẹ́ oko náà. Ó rí i pé bí Jeep náà bá gbó tán, kò sí irú rẹ̀ tí a ṣe ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí òun lè fi rọ́pò rẹ̀. Láti inú àìní yìí ni Land Rover ti jáde wá, a sì fi í han gbogbo ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948. Nítorí ọ̀wọ́n irin náà, páànù alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, irú èyí tí kì í dógùn-ún. Ṣùgbọ́n egungun tí ó ru gbogbo ara náà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáásì, irin gidi ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò ìgbà náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ti iwájú kàn ń tẹ̀lé wọn ni. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá wọ inú ẹrẹ̀, tí ó ń yí lásán, ìrìn parí, àfi bí a bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò tì í. Ṣùgbọ́n nínú Land Rover, bí ọ̀nà bá bàjẹ́, awakọ̀ a fa irin kan, agbára ẹ́ńjìnnì a sì pín lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Jíà mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó ń sọ ìyára di agbára: mọ́tò náà yóò máa rìn bí ẹni tí ń kàn tẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n yóò gun òkè tí ẹṣin yóò kọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ́ńjìnnì ńlá ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ti ọdún 1955 kò ju lítà méjì lọ, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 52 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò kékeré tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn wa ní ọjọ́ Ìsinmi ní agbára tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní ọdún 1955 yìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Oxford àti Cambridge pinnu láti wa mọ́tò láti London títí dé Singapore. Orúkọ wọn ni Adrian Cowell, Tim Slessor, Antony Barrington Brown, Pat Murphy, Henry Nott àti Nigel Newbery. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ti ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó ṣòro ni pé àwọn òkè àti igbó kìjikìji tí ó wà láàárín Íńdíà àti Bọ́mà, èyí tí ayé ń pè ní Myanmar báyìí, ti dá ọ̀nà ilẹ̀ dúró fún gbogbo àwọn tí ó ti fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò lówó. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sì bẹ àwọn oníṣòwò, títí ilé-iṣẹ́ Rover fi fún wọn ní mọ́tò méjì. Ọ̀kan ní àwọ̀ búlúù dúdú ti Oxford, èkejì ní àwọ̀ búlúù títàn ti Cambridge, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ni a sì fi pe àwọn mọ́tò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní BBC, David Attenborough, ni ó fún wọn ní fíìmù tí wọn yóò fi ya àwòrán ìrìn náà. Gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ rẹ̀ lónìí. Barrington Brown tí yóò ya àwòrán náà ti ṣe ohun kan tí ó lókìkí ní ọdún 1953: òun ni ó ya àwòrán Watson àti Crick pẹ̀lú àpẹẹrẹ DNA tí wọ́n kàn, àwòrán tí ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955 ni wọ́n gbéra ní Hyde Park Corner ní London. Èmi kò ní dá yín dúró ní Europe, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà, kò sì sí ohun púpọ̀ tí a lè rí kọ́ níbẹ̀. Wọ́n gba ilẹ̀ Tọ́kì kọjá sí Síríà, wọ́n la aṣálẹ̀ já sí Ìráàkì, wọ́n kọjá ní Ìránì àti Pakistan, wọ́n sì wọ Íńdíà. Ẹ kíyèsí àwọn ilẹ̀ tí mo dárúkọ yìí, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ gba gbogbo wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé lónìí yóò rí i pé ìwé ni yóò kọ́kọ́ dá òun dúró, kì í ṣe iyanrìn.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ìtàn náà gbé wúwo. Ní ìlú Ledo ní Assam, ní ìhà ìlà-oòrùn Íńdíà, ọ̀nà kan wà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà là lábẹ́ Ọ̀gágun Joseph Stilwell láti ọdún 1942 títí di 1945. Àwọn ará Japan ti gba Bọ́mà, wọ́n sì ti dí ọ̀nà tí a fi ń kó ohun ìjà lọ fún Ṣáínà. Nítorí náà ni a fi la ọ̀nà tuntun gba orí òkè Pangsau, tí ó ga ní nǹkan bí 3,700 ẹsẹ̀, láti lọ bá ògbólógbòó ọ̀nà Ṣáínà. Gbogbo rẹ̀ láti Ledo dé Kunming ju 1,000 máìlì lọ. Ó ju 1,100 ọmọ Amẹ́ríkà lọ tí ó kú nídìí iṣẹ́ náà, yálà nípa ibà, nípa òkè tí ó ya lulẹ̀, tàbí nípa ìbọn. Àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà àti Bọ́mà tí ó kú kò sì ní òǹkà tí ó dájú. Ó yẹ kí àwa mọ̀ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ológun Amẹ́ríkà tí ó la ọ̀nà yìí jẹ́ ènìyàn dúdú, àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí a kó kúrò ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ gba ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ogun parí, tí a sì fi ọ̀nà náà sílẹ̀ fún òjò.

Igbó Bọ́mà kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Àwọn àgbà nínú ìlú wa máa ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó lọ ogun Bọ́mà, bí àwọn tí wọn kò bá padà tilẹ̀ pọ̀. Ìpín ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ti 81 àti ti 82, ni ó jà níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé ní ìhà Ọ̀wọ̀, ẹni tí a yìnbọn lù ní àfonífojì Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, kò lè rìn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ gbé e pamọ́ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi padà dé. Ó wá sí ilé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé, ó sì gbé ayé títí di ọdún 2012. Kaladan kì í ṣe ọ̀nà Ledo, ó jìnnà sí i níhà gúúsù. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ sí wọn, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún tí kì í sì dáwọ́ dúró títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú Fadoyebo rí yóò mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà náà fi ṣírò ọjọ́ wọn kí ó lè bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí a ti pa ọ̀nà náà tì. Igbó ti ń gbà á padà, afárá ti wó sínú odò, òkè sì ti ya dí ojú ọ̀nà níbòmíràn. Ẹni tí yóò fi irú mọ́tò yìí la odò kọjá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, iṣẹ́ náà kò sì yí padà láti ìgbà náà. Ẹnìkan yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, láti mọ ibi tí omi gbé jìn àti ibi tí òkúta wà. Wọn yóò tú bẹ́líìtì tí ń yí fáànù, kí fáànù má baà fọ́n omi sí ara àwọn wáyà tí ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ yóò fi mọ́tò sí jíà tí ó lọ́ra jù lọ, yóò wọ inú omi láìkánjú, kò sì gbọdọ̀ dúró. Nítorí bí ó bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì sì kú, omi yóò gba inú páìpù èéfín wọlé. Ìyára kò wúlò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgboyà ojú ayé kò wúlò. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi mọ́tò sáré wọ inú àgbàrá ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n la Bọ́mà kọjá, wọ́n wọ Thailand, wọ́n gba Malaya sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì dé Singapore ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1956, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́fà lójú ọ̀nà. A kà wọ́n sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó wa mọ́tò láti London dé ibẹ̀. Slessor kọ ìwé ìrìn náà, First Overland, èyí tí ó jáde ní ọdún 1957, tí Attenborough sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Cowell di ẹni tí ń ya fíìmù, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní igbó Amazon láti fi han ayé bí a ti ń pa igbó náà run.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ ná, kí a tẹ̀lé àwọn mọ́tò. Cambridge tún lọ ìrìn-àjò mìíràn, ó sì já sínú ọ̀gbun ní ilẹ̀ Ìránì. Ìtàn rẹ̀ parí síbẹ̀. Ní ti Oxford, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ gbé e lọ sí Ascension, erékùṣù kékeré kan tí ó dá wà ní àárín òkun Atlantic, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí láti 1957 sí 1959. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, wọn kò gbé e padà. Lẹ́yìn náà ni ó dé Saint Helena, nǹkan bí 800 máìlì sí Ascension, erékùṣù tí a fi Napoleon sí títí ó fi kú ní ọdún 1821.

Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ wà láàárín wa mọ Saint Helena gẹ́gẹ́ bí orúkọ dáyósíìsì Àǹgílíkà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, tí Ascension sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ mìíràn fún àwa ènìyàn dúdú. Láti ọdún 1840 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rú tí wọ́n bá lójú òkun wá síbẹ̀, ó sì ju 20,000 ènìyàn lọ tí a tú sílẹ̀ ní èbúté rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn kú kí wọ́n tó lè rìn, a sì sin wọ́n sí àfonífojì Rupert. Irú iṣẹ́ kan náà ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe fún ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ọdún 1822, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ọdún 1864. Mo mọ̀ pé mo ti ya kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò lè dárúkọ erékùṣù náà nínú ìwé tí ọmọ ìjọ Àjàyí yóò kà kí n sì kọjá láìkí àwọn òkú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Oxford ti gbó. Afẹ́fẹ́ òkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ni ọ̀tá irin. Páànù ara rẹ̀, nítorí tí kì í ṣe irin, dúró. Ṣùgbọ́n ṣáásì àti àwọn irin ìsàlẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bí ikán ti ń jẹ òpó inú ilé tí a fi ọ̀dà kùn lóde. Ẹni tí ó bá wo irú mọ́tò àgbà bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yóò ní ó sàn. Ẹni tí ó bá dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ òtítọ́. Kò sí bí a ti lè gbé e kúrò níbẹ̀ bí kò ṣe nípa ọkọ̀ ojú omi, nítorí ọkọ̀ òfurufú èrò kò bẹ̀rẹ̀ sí í dé Saint Helena déédéé àfi ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Ní ọdún 2017 yìí kan náà ni ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ràn àwọn mọ́tò àtijọ́ mú kí a gbé e padà sí ilé, tí a sì tún un ṣe títí ó fi lè rìn.

Àwọn kan yóò bi mí pé, bí a bá ti pààrọ̀ irin tí ó ti jẹ, tí a fi táyà tuntun sí i, tí a tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí a sì tún un tò, ṣé mọ́tò ti ọdún 1955 náà ni? Ìbéèrè àtijọ́ ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Èrò tèmi ni pé ohun tí a bá ń tún ṣe láìjáwọ́, tí ẹni tí ń tún un ṣe sì mọ ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ohun kan náà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìsìn àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ni a fi ewé bo ní àkọ́kọ́, tí a wá fi páànù rọ́pò ewé, tí a sì tún fi páànù mìíràn rọ́pò páànù. Èmi kò tíì gbọ́ kí ọmọ ìjọ kan sọ pé ilé tí òun ń jọ́sìn nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí baba òun kọ́. Àwọn tí ń ta ọ̀jà àtijọ́ lè ní ìdáhùn mìíràn, nítorí owó wà nínú tiwọn.

Ọkùnrin kan tí ń ya fíìmù, Alex Bescoby, ti ka ìwé Slessor, ó sì wá a lọ. Wọ́n jọ pinnu pé kí Oxford tún rin ìrìn náà, ṣùgbọ́n láti Singapore padà sí London, kí ó lè parí sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Slessor fúnra rẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 87 ni nígbà náà. Àwọn kan lè kà á sí àìgbọ́n fún àgbà; èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ó mọ ọ̀nà náà, ó mọ mọ́tò náà, ó sì mọ iye ọdún tí ó kù fún òun ju bí ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n gbé mọ́tò dé Singapore, gbogbo ètò sì ti parí. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéra kù díẹ̀, àìsàn dá Slessor dúró, a sì sọ fún un pé kò lè lọ.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Nat George, tí kò ju ẹni ọdún 21 lọ, ni ó jókòó sí àyè rẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ wá wò ó nísinsìnyí, àkísà bàbá àgbà gan-an ni a gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kí ó máa wà á. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n gbéra, Oxford pẹ̀lú àwọn mọ́tò mìíràn tí ó ń tẹ̀lé e.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa bí a ti ń fi mọ́tò àgbà rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wa ní ń fi ohun àgbà rìn, bí kò tilẹ̀ jìnnà. Sípíríǹgì Land Rover ìgbà náà jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn. Bí ọ̀kan bá kán, alágbẹ̀dẹ abúlé lè fi iná àti òòlù ṣe é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà; ẹni tí ó bá ní sípánà, ìwé ìfọ́ṣẹ́ẹ̀mù díẹ̀ tí a fi ń fọ ibi tí iná ti ń ṣẹ́, àti sùúrù, lè mú un jí. Àìlera rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà ní ẹ̀yìn, ní àwọn irin gígùn tí ń gbé agbára dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá fi agídí tẹ̀ ẹ́ nínú ẹrẹ̀, irin náà a kán bí igi gbígbẹ. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n arìnrìn-àjò kì í ṣàìgbé òmíràn dání. Bíréèkì rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń gbóná bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gígùn, tí kò sì ní mú mọ́. Ẹ́ńjìnnì ni a fi ń dá a dúró, nínú jíà kékeré, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ní láti wọ abẹ́ rẹ̀, kí ó fún un ní gíríìsì, kí ó wo epo, kí ó sì fi sípánà tẹ gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀nà gbágungbàgun ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í bú ohun tuntun. Mọ́tò ayé òde òní yára jù, ó rọ àwọn èrò lọ́rùn jù, ó sì pa epo mọ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ọpọlọ rẹ̀ bá dákẹ́ ní aṣálẹ̀, a ó máa dúró de ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ tí ó lè bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1955, ẹrẹ̀ àti odò ni ìṣòro wọn. Ní ọdún 2019, ọ̀nà dára púpọ̀ jù ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ẹnubodè ti le. Ogun ti wà ní Síríà láti ọdún 2011. Ẹnubodè orí òkè Pangsau kò ṣí sílẹ̀ fún àjèjì tí ó fẹ́ fi mọ́tò kọjá. Ní Ṣáínà, àlejò kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tirẹ̀ láìgba nọ́ńbà àti ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ìgbà díẹ̀, amọ̀nà tí ìjọba mọ̀ sì gbọdọ̀ bá a lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi gba ọ̀nà mìíràn: láti Myanmar wọ Íńdíà, láti ibẹ̀ lọ sí Nepal, wọ́n sì gun òkè lọ sí Tibet, níbi tí ọ̀nà ń kọjá ní gíga tí ó ju 5,000 mítà lọ. Ní irú gíga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti etíkun. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti dín kù. Epo rẹ̀ yóò pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú yóò sì máa jáde, nínú ẹṣin 52 náà kò sì ní ṣẹ́kù ju ìdajì lọ dáadáa. Ènìyàn inú rẹ̀ náà yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n kọjá, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, wọ́n la àárín Asia já, òtútù sì ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi dé Europe.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2019 ni Oxford wọ London, lẹ́yìn ọjọ́ 111 lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ Slessor nínú rẹ̀. Bàbá àgbà náà ti bọ́ nínú àìsàn rẹ̀, ó sì wà láàyè láti rí i pé ó dé. Ṣáájú kí oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀lé e tó parí, àrùn kòrónà ti mú kí ẹnubodè púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà kọjá di títì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn ológun sì gba ìjọba ní Myanmar, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìhà tí ọ̀nà Íńdíà gbà kọjá.